Ìbọn Tí Mo Kọ̀ ní Thomas Estate

Òórùn ẹ̀tù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jóná máa ń lẹ̀ mọ́ni nímú bí òórùn ẹja yíyan ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń fẹ ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́, tírélà tó ń kó òkúta lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté ńlá sì ń da eruku bo gbogbo wa láti Ajah títí dé Eleko. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe. Ṣàgámù ni mo ti wá, mo ń gbé yàrá kan ní Ajah, mo sì ń fa wáyà sínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ káàkiri agbègbè náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí pé kí n wá tún ẹ̀rọ kan ṣe ní ọgbà àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá, lẹ́yìn Eleko, níbi tí igbó ti parí tí iyanrìn òkun sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ju àwo ni. Àwo kékeré tí wọ́n fi ohun bí amọ̀ ṣe, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọsàn pípọ́n. Ẹ̀rọ á jù ú sókè, á máa fò lọ bí àparò tí ajá lé, ẹni tó dúró pẹ̀lú ìbọn á sì gbìyànjú láti yìn ín kó tó balẹ̀. Bí ọta bá bà á, á di eruku lójú ọ̀run.

Wáyà kan péré ló já nínú ẹ̀rọ náà. Kò gbà mí ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní kí n dúró kí wọ́n dán an wò, mo sì dúró, mo wo àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó di eruku lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo gbà láti máa tọ́jú ẹ̀rọ náà fún wọn, kí wọ́n sì máa jẹ́ kí n yìnbọn lọ́jọ́ Sátidé.

Bí nǹkan kan bá wọ̀ mí lọ́kàn, n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ọjà Ajah, mo tẹ ìwé jáde lórí ìbọn títí ìwé náà fi kún àpò ìrẹsì kan. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo mọ̀ pé mílímítà àádọ́fà ni fífẹ̀ àwo náà. Mo mọ̀ pé ìbọn ìdíje máa ń wúwo ju ìbọn ọdẹ lọ, kó má baà dá dúró lójijì nígbà tí èèyàn bá ń yí i tẹ̀ lé àwo, kó má sì ta èèyàn léjìká jù. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀pá ìbọn oní-ínǹṣì méjìdínlọ́gbọ̀n àti oní-ọgbọ̀n, mo sì lè dúró sórí ọ̀rọ̀ yìí títí oúnjẹ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún á fi tutù. Àwọn àgbà ọgbà náà máa ń sá fún mi nídìí oúnjẹ.

Ẹnì kan tí kì í sá ni Bàbá Sójà. Òun ló ń tọ́jú gbogbo ìbọn ọgbà náà, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Kò sí “ṣ” lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ iṣu, “isu” ni á sọ. Iṣẹ́, “isẹ́” ni. Bó bá rí mi láàárọ̀, á ní, “Oníná, sé dáadáa lo sùn? Má fi wáyà so ìbọn mi mọ́gi o!” Àwa ará Rémọ kì í da “s” pọ̀ mọ́ “ṣ”, nítorí náà, mo ti kọ́ etí mi: bí Bàbá Sójà bá ti pe “s”, etí mi á yára fi àmì sí i nídìí, á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo rò pé mo gbọ́ ọkùnrin náà délẹ̀délẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Ìyá mi fẹ́ràn kó máa sọ pé ìfura loògùn àgbà. Èmi kò dàgbà tó, ṣùgbọ́n mo ti mu oògùn náà yó. Wọ́n ti ta wáyà fún mi rí tó jẹ́ bàbà lóde, tí inú rẹ̀ jẹ́ páànù lásán. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé wáyà wá, ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ ń mú, màá fá a wò. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá àwọn ènìyàn náà wò. Bí ẹnì kan bá kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, màá bi ara mi pé kí lẹni yìí ń wá.

Ní ọdún kejì mi ní ọgbà náà, olórí ẹgbẹ́ wa kéde pé ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ láti Àbújá láti wá bá wa díje, èèyàn márùn-ún péré ni yóò sì dúró fún wa. Nínú àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo máa ń fọ́ méjìdínlógún sí ogún pẹ̀lú ìbọn ọgbà, mo sì wà nínú àwọn márùn-ún náà. Ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ ní ẹni tí kò bá ní ìbọn tirẹ̀, tí wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ rẹ̀, kò ní yìn. Ìwé àṣẹ ti wà lọ́wọ́ mi. Oṣù méje ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ kí àwọn ọlọ́pàá tó fún mi. Ìbọn kan ṣoṣo ló gbà, bí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ sí i, kí wọ́n tó pa á rẹ́ láti kọ òmíràn, ìrìn oṣù méje mìíràn ni. Nítorí náà, ìgbà kan péré ni mo lè yàn. Bí mo bá yan èyí tí kò yẹ, mo ti yọ ara mi kúrò nínú ẹgbẹ́.

Bàbá Sójà ló sọ fún mi nípa ìbọn kan ní Thomas Estate, nítòsí Ajah. Ìbọn ẹnjiníà kan tó ti kú ni. Ọkùnrin náà ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kí n tó dé, ìyàwó rẹ̀ sì ń wá ẹni tó ní ìwé àṣẹ tí yóò gbà á, nítorí àwọn ọlọ́pàá ti sọ fún un pé ìbọn tí olówó rẹ̀ ti kú kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílé, wọ́n sì ti dá gbèdéke fún un. A jọ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan.

Opó náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Èyí kọ́kọ́ kọ mí lóminú. Ó gbé omi tútù wá fún mi, mo na ọwọ́ òsì láti gbà á, mo rántí ara mi, mo yára fà á sẹ́yìn, mo sì fi ọ̀tún gbà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Nínú ilé yìí, ọwọ́ tó bá yá la fi ń gba nǹkan.” Mo wò ó. Kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ ta nǹkan fi ń rẹ́rìn-ín báyìí?

Ìbọn náà wà nínú àpótí aláwọ. Ọ̀pá méjì, ọ̀kan gun ọ̀kan lórí, ínǹṣì ọgbọ̀n géérégé. Irin rẹ̀ mọ́, kò sí ìpẹtà níbì kankan. Ṣùgbọ́n n kò fi ojú lásán ra nǹkan rí. Mo yọ okùn ìwọ̀n àwọn bíríkìlà jáde nínú àpò mi, mo nà án láti ẹnu ìbọn títí dé ìdí, mo sì fi rúlà wọ̀n ọ́n. Igi ìdí ìbọn náà kò tọ́. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mílímítà mẹ́ta lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀. Mo gbé e sí èjìká mi ọ̀tún, igi náà gún mi ní párí ẹ̀rẹ̀kẹ́, dípò kí n rí orí ọ̀pá ìbọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń rí. Inú mi dùn pé mo rí àrékérekè wọn. Afẹ́fẹ́ òkun ti wọ igi náà, ó ti ká a kò, wọ́n sì fẹ́ gbé e kọ́ mi lọ́rùn.

Mo yíjú sí Bàbá Sójà. Ó jókòó sórí àga, ó ń jẹ bisikíìtì tí opó náà gbé fún un, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìbọn òsì nìyẹn, Oníná,” ó wí. “Ó bá ẹ mu gan-an ni.”

Etí mi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe é. Ó fi àmì sí i nídìí. Ìbọn òṣì. Ìbọn ìṣẹ́, ìbọn ìyà, ó sì bá mi mu. Opó náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ara mi gbóná títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo da ìbọn padà sínú àpótí rẹ̀, mo dúpẹ́ omi, mo ní mo máa ronú sí i, mo sì fẹsẹ̀ rìn láti Thomas Estate títí dé etí títì láì dúró de ẹni tó mú mi lọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo fi ń ro ó. Mo rí i pé lójú Bàbá Sójà, oníná lásán ni mo ṣì jẹ́, ẹni tí ìbọn wíwọ́ tó fún. Mo tún rò ó síwájú: kí ló wà láàárín òun àti opó náà? Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni wọ́n mú lọ, tí wọn kò mú àwọn ọlọ́lá tó kún ọgbà? Ta ló mọ ohun tí ìbọn náà ti ṣe rí? Mo pe opó náà lórí fóònù pé kò tẹ́ mi lọ́rùn. “Kò burú, ọmọ mi,” ó wí. “Mo kàn rò pé ìwọ ló ń dúró dè ni.” Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹnu yín dùn.

Dókítà eyín kan ní Lekki ń lọ sí ìlú òyìnbó nígbà náà, ó sì fẹ́ fi ìbọn tirẹ̀ sílẹ̀. Kò fún mi lómi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìbọn hàn mí, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Mo na okùn mi, mo wọ̀n ọ́n, ìdí ìbọn náà sì tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bíi mílímítà mẹ́ta. Mo rántí pé mo ti ka nǹkan kan nípa èyí, pé àwọn tó ń ṣe ìbọn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ìdí rẹ̀ díẹ̀ kó lè gba ojú ẹni tó ń yìn ín. Àwòrán tó wà nínú ìwé náà bá ìbọn dókítà mu rẹ́gí. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, n kò tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí yíǹkì ìtẹ̀wé ti ń tán ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ yẹn, mo sì rò pé mo ti mọ̀ tó. Wọ́n kọ ìbọn dókítà sínú ìwé àṣẹ mi lọ́jọ́ Wẹ́sídeè.

Sátidé àkọ́kọ́, mo fọ́ àwo mọ́kànlá. Sátidé kejì, mẹ́sàn-án. Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ọta ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo fi ọ̀bẹ la mẹ́ta nínú wọn, mo da àwọn ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ajah. Gíráàmù méjìdínlọ́gbọ̀n gan-an ni wọ́n. Alágbẹ̀dẹ náà bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn ni. Lẹ́yìn náà, mo kun páànù ńlá kan lẹ́fun, mo fi ìbọn yìn ín láti ogójì ẹsẹ̀ bàtà. Ìgbà mẹ́fà ni mo yìn ín, ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ọta bà á ní ẹ̀gbẹ́ òsì ibi tí mo fojú sùn. Nígbà náà ni mo wá mọ̀: ẹnì kan ti tẹ ọ̀pá ìbọn mi. Ta ló sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ìbọn ń sùn? Bàbá Sójà nìkan ni. Mo kọ ìbọn rẹ̀, ó wá ń gbẹ̀san.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tín-ín-rín sára ìbọn mi kí n tó lọ sílé, kí n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá yí i. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí mo ti wọlé ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ta ló fi sọ́ọ̀kì kun ìbọn bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi?”

“Èmi ni, sà,” mo ní. “Ìbọn náà ti wọ́. Mo fẹ́ mọ ẹni tó wọ́ ọ.”

Bàbá Sójà kò bínú, èyí sì tún bí mi nínú sí i. Ó gbé ìbọn mi, ó ki ọta sí i, ó lọ dúró, ó kígbe ìpè tí a fi ń ní kí wọ́n ju àwo, “Púùlù!” Àwo fò, ó fọ́. Márùn-ún ló pè, márààrùn-ún ló fọ́. Ó dá ìbọn padà fún mi.

“Ìbọn ò wọ́,” ó wí. “Wá. Dúró síbí. La ojú méjèèjì. Na ìka ẹ sí imú mi, má ronú, sáà nà án.”

Mo na ìka ọ̀tún mi. Bó ti dúró níwájú mi, ó fi ojú tẹ̀ lé ìka náà padà sí ojú mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá wò ó o! Mo mọ̀! Sé o rí i? Abẹ́ ojú òsì nìka ẹ wà. Ojú òsì ló ń se ọ̀gá lórí ẹ. O gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún, o ń fi ojú òsì wò ó, kí ni kò ní gba òsì lọ? Ìdí ìbọn ọgbà tọ́, ó sì ń gbè ẹ́ díẹ̀; ti dókítà yìí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún.” Ó di ọwọ́ òsì mi mú, ó gbé e sókè bíi ti ẹni tó ja ẹ̀ṣẹ́ tó borí. “Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá tún ẹ̀rọ se ni mo ti rí ẹ. Òsì lo fi ń tú nọ́ọ̀tì. Òun ni mo fi ní kí o mú ìbọn Ẹnjiníà. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n se é fún! Mo sọ fún ẹ pé ìbọn òsì ni, pé ó bá ẹ mu!”

Ọwọ́ mi wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Òsì. Ọwọ́ òsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò nílò àmì kankan nídìí, tó pè gẹ́gẹ́ bó ti yẹ kó pè é, ni etí mi tó gbọ́n jù tún ṣe fún un.

Mo wá rántí ohun tí n kò rántí láti ọjọ́ pípẹ́. Gèlè àtijọ́ kan ni ìyá mi fi máa ń so ọwọ́ òsì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ nígbà tí mo bá ń jẹun, láti ìgbà tí mo ti lè jókòó. Ìyá àgbà á sì jókòó tì wá, á ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Wọn kò fi ìkà ṣe é. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí ní ìwòkuwò láwùjọ ni. Ọ̀tún ni mo fi kọ̀wé, ọ̀tún ni mo fi jẹun, ọ̀tún ni mo fi kí àgbà. Nọ́ọ̀tì nìkan ló kù fún òsì, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó nà mí lórí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì rí.

N kò bá wọn yìnbọn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sí Thomas Estate. N kò mọ ohun tí mo máa ṣe sí ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, mo kàn fẹ́ bẹ opó náà pé kó bá mi pa ìbọn náà mọ́ títí tí n óò fi rin ìrìn oṣù méje náà tán. Ó jókòó síta, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Áà, o pẹ́ o,” ó wí. “Àwọn ọlọ́pàá ti gbà á ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní gbèdéke ti pé.”

Mo bi í bóyá wọ́n lè dá a padà. Ó mi orí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé wọ́n á gé e ni. Ó tún ṣa ẹ̀wà díẹ̀.

“Òsì ni wọ́n fi ń jẹun bí kò bá sí àlejò nílé,” ó wí nípa ọkọ rẹ̀. “Bí àlejò bá dé, wọ́n á sáré fi ọ̀tún mú síbí, wọ́n á wá máa da ọbẹ̀ sáyà. Nígbà tí mo rí ọ tí o fa ọwọ́ sẹ́yìn nídìí omi, ó ṣe mí bí ẹni pé mo rí wọn. Mo sọ fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé ìbọn ti rí olówó rẹ̀.” Ó gbé ojú sókè. “Kí ló dé tí o fi kọ̀ ọ́, ọmọ mi?”

Mo ní mo rò pé igi rẹ̀ wọ́ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Olórí ẹgbẹ́ fi ẹlòmíràn sí àyè mi, n kò sì lè bá a jà. Mẹ́sàn-án kì í ṣe iye tí èèyàn ń fi gbèjà ara rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdíje, ìdí ẹ̀rọ ni mo jókòó sí. Èmi ni mò ń tẹ bọ́tìnnì tí àwọn ará Àbújá bá pariwo “Púùlù!”, èmi náà ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tiwa. Gbogbo àwo tó fò lọ́jọ́ náà, abẹ́ ọwọ́ mi ló ti jáde, n kò sì yìn ẹyọ kan. Àwo méjì ni wọ́n fi jù wá lọ.

Ó ti pẹ́ báyìí. Títì ti tán, eruku ti rọlẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ sí èbúté kò mọ̀ pé a jẹ eruku rí níbẹ̀. Òsì ni mo fi ń yìnbọn. Ìbọn dókítà náà ṣì ni. Káfíńtà kan tó mọṣẹ́ gbẹ́ ìdí mìíràn fún un, tó tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ̀ sí, ó sì gbà mí ní ọdún kan gbáko láti kọ́ èjìká mi ní ohun tí ojú mi ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo máa ń fọ́ mẹ́tàlélógún. Nígbà mìíràn mẹ́rìnlélógún. Bí ọ̀dọ́ kan bá wá yan ìbọn ní ọgbà wa, n kì í sọ̀rọ̀ ínǹṣì àti gíráàmù fún un mọ́ títí n óò fi rí ọwọ́ tó fi gba omi lọ́wọ́ mi.

Bàbá Sójà ti padà sí Ìbàdàn. Mo máa ń pè é lórí fóònù ní ọjọ́ Iléyá, á sì bi mí bóyá ìbọn ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún un: pé mo fura sí i fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pé mo pè é ní agbẹ̀san àti oníjìbìtì nínú ọkàn mi, pé mo gbọ́ èébú nínú ọ̀rọ̀ tó fi ṣe mí lóore. N kò tíì sọ ọ́. Ó ti dàgbà báyìí, etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún un nísinsìnyí, n kò mọ ohun tí yóò gbọ́.